Níbo Ni Ariwo Yìí Ti Ń Wá? Bí A Ṣe Ń Wá Àbùkù Gìtá àti Ámpù Rẹ̀

  Ètò tòní wà fún ẹ̀yin tó ń ta gìtá oníná: ẹ̀yin tó ń ta á ní ilé ìjọsìn, ẹ̀yin ẹgbẹ́ olórin jùjú tó ń lọ òde àríyá lópin ọ̀sẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń dánra wò nínú yàrá kan ṣoṣo. Ó wà fún ẹ̀yin àgbà ìjọ náà, ẹ̀yin tí wọ́n máa ń wá bá pé ámpù ti bàjẹ́, ẹ mú owó wá.

Ohun kan ni mo fẹ́ fi yé yín lónìí: ọ̀pọ̀ ariwo tí à ń torí rẹ̀ bú ámpù kì í ṣe ẹ̀bi ámpù. Ó lè jẹ́ kébù. Ó lè jẹ́ gìtá fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ bátìrì kékeré kan, tàbí iná tó ń wọ ilé. Ẹni tó mọ ọ̀nà tí à ń gbà wá a lè rí i kí orin ìyìn tó bẹ̀rẹ̀, láì ná kọ́bọ̀. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà náà á gbé ámpù sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ọ̀dọ̀ oníṣẹ́. Á sanwó, á gbé e padà délé, á tan án, ariwo náà á sì tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fara balẹ̀ pa eèrà á rí ìfun inú rẹ̀. Ìfarabalẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ wa lónìí.

Ọ̀rọ̀ gìtá àti iná kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná ní Èkó. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè ló kọ́kọ́ fi iná gbé ohùn gìtá sókè nínú orin jùjú. Yukulélè ló ń ta tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fẹ́ so máíkì kékeré tó ń lẹ̀ mọ́ ara pákó mọ́ ohun èlò rẹ̀, ara yukulélè kéré jù, kò gbà á. Ó bọ́ sórí gìtá onípákó. Láti ìgbà náà ni olórin jùjú ti lè fi ìlù kún ìlù lẹ́yìn gìtá láìjẹ́ pé ìlù bo gìtá mọ́lẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà náà náà ni ìtọ́jú gìtá ti kọjá ọ̀rọ̀ okùn àti pákó. Onígìtá gbọ́dọ̀ mọ wáyà, ó gbọ́dọ̀ mọ jáàkì, ó sì gbọ́dọ̀ mọ irú iná tó ń lò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí ohùn ń gbà. Okùn gìtá oníná, irin ni. Lábẹ́ okùn náà ni píkọ́ọ̀pù wà: mágínẹ́ẹ̀tì ni, tí a fi wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun wé lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Bí okùn bá ti ń gbọ̀n lórí mágínẹ́ẹ̀tì yìí, iná kékeré kan á dìde nínú wáyà náà. Iná yìí á gba bọ́tìnnì fólúùmù àti ti tóònù kọjá, á jáde ní jáàkì gìtá, á wọ kébù, á gba inú pédà (àpótí kékeré tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn padà) bí pédà bá wà, kí ó tó dé ẹnu ámpù. Inú ámpù ni yóò ti di ńlá, kí ó tó bọ́ sí sípíkà. Iná tó ń ti gìtá jáde kéré, kì í sábà tó fóólìtì kan. Nítorí náà, bí ìdọ̀tí kékeré bá bá a wọlé, ámpù á sọ òun náà di ńlá. A ó tẹ̀lé ọ̀nà yìí bí ẹni tó ń tẹ̀lé páìpù omi láti wá ibi tó ti ń jò, ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀: láti ọ̀dọ̀ ámpù, padà sí ọ̀dọ̀ okùn, kí a tó wá dá pédà padà.

Òfin kan ṣoṣo ló wà fún iṣẹ́ yìí. Ẹ má ṣe pààrọ̀ nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá pààrọ̀ kébù, tí ẹ tún pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí ariwo sì lọ, ẹ kò ní mọ èwo nínú méjèèjì ló jẹ̀bi. Ẹ wá kébù kejì tí ẹ mọ̀ dájú pé ó dára, kí ẹ fi í pamọ́ fún ìdánwò nìkan.

ÌDÁNWÒ KÌÍNÍ: ÁMPÙ NÌKAN

(A gbọ́ ìró ámpù: hùùù.)

Ẹ yọ gìtá, ẹ yọ kébù, ẹ yọ pédà. Kí ó má ku ohunkóhun lára ámpù bí kò ṣe wáyà iná rẹ̀. Ẹ yí fólúùmù wálẹ̀ pátápátá, ẹ tan án, kí ẹ wá máa yí i sókè díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ṣììì tín-ín-rín, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Kò sí ámpù tí kì í ṣe é bí fólúùmù bá ti ga. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ hùùù ńlá, tí kò dín kù bí ẹ tilẹ̀ dá fólúùmù padà sí òdo, inú ámpù ni ọ̀ràn wà.

Ohun tó máa ń fa èyí nìyí. Iná tó ń wọ ilé ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ámpù kò lè fi irú iná bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó ní láti sọ ọ́ di iná tó ń lọ sí ojú kan bíi ti bátìrì. Níbi tó ti ń yí i padà, gbígbọ̀n kan máa ń ṣẹ́ kù, ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn kàpásítọ̀ ńlá inú ámpù ló ń mú gbígbọ̀n yìí rọlẹ̀. Bí kàpásítọ̀ bá ti gbó, tí omi inú rẹ̀ ti gbẹ, agbára rẹ̀ kò ká a mọ́, gbígbọ̀n náà á sì bọ́ sí sípíkà. Iṣẹ́ ẹni tó mọ inú ámpù nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ tiwa.

Ṣùgbọ́n bí ámpù bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ nígbà tí kò sí nǹkankan lára rẹ̀, ó ṣeé ṣe púpọ̀ kí ẹ̀bi náà wà níwájú rẹ̀. Ẹ fi ámpù sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a lọ síwájú.

ÌDÁNWÒ KEJÌ: KÉBÙ

Ẹ ki kébù bọ ámpù, ẹ má tíì ki orí kejì bọ gìtá. Ẹ jẹ́ kí fólúùmù wà nílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi ìka tó gbẹ kan ṣóńṣó orí jáàkì náà fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ hùùù, ó dára: kébù ń gbé ìró dé ámpù, ámpù sì ń gbà á. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkankan, ẹ fi kébù kejì dán an wò. Bí ti kejì bá dún, a ti mú olè.

Lẹ́yìn náà, ẹ ki gìtá bọ̀ ọ́, kí ẹ máa mi kébù díẹ̀díẹ̀ ní orí méjèèjì.

(A gbọ́ ìró kébù tí wọ́n ń mì: kàrà, kàrà, pá!)

Kàrà-kàrà tí ẹ gbọ́ yẹn, wáyà ló ti já tàbí tí sọ́dà rẹ̀ ti ṣí nínú jáàkì. Ẹ tú ìdérí jáàkì náà. Ẹ ó rí wáyà kan láàárín, òun ló ń gbé ohùn. Ẹ ó sì rí èyí tí wọ́n hun yí i ká, òun ló ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ ariwo ìta. Bí èyí tí wọ́n hun bá já, hùùù á gba gbogbo ilé. Bí ti àárín bá já, ohùn á dákẹ́. Ìwọ̀nba sọ́dà díẹ̀ àti irin gbígbóná ló máa tún un ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ iṣẹ́ kékeré yìí. Nínú ẹgbẹ́ olórin tí ẹnì kan bá ti mọ bí a ṣe ń lẹ jáàkì, owó ńlá ni wọn kì í ná mọ́.

Ẹ̀yin tó wà nítòsí ọ̀sà, ẹ fetí sí èyí. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, ọ̀rinrin rẹ̀ sì máa ń jẹ bàbà àti irin. Bí orí jáàkì bá ti dúdú tàbí tó ti ń yọ àwọ̀ ewé, ẹ fi aṣọ tó mọ́ àti sípírítì díẹ̀ nù ún. Ẹ má ká kébù mọ́ ìgúnpá bí ẹni ń ká okùn ìso ẹran. Ẹ jẹ́ kí ó ká ara rẹ̀ bí ó ṣe fẹ́, lóbírípo ńlá, kí wáyà inú má baà lọ́.

Ẹ má sì ṣe pààrọ̀ kébù gìtá pẹ̀lú kébù sípíkà, bí orí wọn tilẹ̀ jọra. Kébù sípíkà kò ní ààbò tí wọ́n hun yí i ká. Bí ẹ bá fi í sára gìtá, yóò máa gbé ariwo wá. Kébù gìtá ní tirẹ̀, wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín. Bí ẹ bá fi í so ámpù mọ́ sípíkà, ó lè gbóná, ó sì lè kó bá ámpù.

ÌDÁNWÒ KẸTA: GÌTÁ

Kébù ti dára, ariwo ṣì wà. Ẹ yí fólúùmù ara gìtá wá sí òdo. Bí ariwo bá lọ, gìtá ló ń gbé e wá. Bí kò bá lọ, ẹ padà sí kébù, tàbí kí ẹ yẹ jáàkì ara gìtá wò. Nọ́ọ̀tì tó di jáàkì yẹn mú máa ń tú. Bí ẹ bá ń dì í padà, ẹ di jáàkì fúnra rẹ̀ mú, kí ó má baà yí, kí ó sì já wáyà inú.

Bí ó bá ń ṣe ṣàkàṣàkà nígbà tí ẹ ń yí bọ́tìnnì, eruku ló wọ inú bọ́tìnnì náà. Ẹ ra contact cleaner, ẹ fọ́n díẹ̀ sínú rẹ̀ nígbà tí ohun gbogbo ti wà ní pípa, kí ẹ yí bọ́tìnnì náà lọ sókè sódò dáadáa. Ẹ má fi kẹrosíìnì sí i, ẹ má fi bẹntiróò sí i, ẹ má sì fi òróró sí i. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ó dún dáadáa lọ́jọ́ náà. Tó bá yá, eruku á lẹ̀ mọ́ òróró, ọ̀ràn á wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí ohùn bá rẹlẹ̀, tó ń ha bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn, ẹ wo bátìrì. Ọ̀pọ̀ gìtá onípákó tó ní ihò jáàkì àti ọ̀pọ̀ gìtá béèsì ló ń lo bátìrì 9 fóólìtì. Jáàkì ló ń tan bátìrì náà: bí kébù bá ti wà nínú gìtá, bátìrì ń jó nìyẹn, yálà ẹ ń ta á tàbí ẹ kò ta á. Ẹni tó bá fi kébù sílẹ̀ nínú gìtá láti ọjọ́ Àìkú títí di ọjọ́ ìdánrawò kejì lè bá bátìrì tó ti kú. Ẹ yọ kébù nígbàkúùgbà tí ẹ bá ti parí.

Ariwo mìíràn wà tó jẹ́ pé àyíká ló ń fún gìtá jẹ. Ẹ di gìtá mú, kí ẹ yí ara yín padà díẹ̀díẹ̀, ẹ kọjú sí ògiri kan, ẹ kọjú sí èkejì. Bí hùùù náà bá ń pọ̀, tó ń dín kù bí ẹ ṣe ń yí, píkọ́ọ̀pù ló ń gbé ariwo mágínẹ́ẹ̀tì kan tó wà nítòsí. Ẹ sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ámpù, kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínífátà, kúrò lábẹ́ iná gígùn onígíláàsì. Ẹ pa bọ́tìnnì tó ń dín iná kù. Ẹ yọ ṣájà fóònù. Fóònù fúnra rẹ̀, kí ìpè tó wọlé, lè mú kí sípíkà ṣe dí-dí-dìn, dí-dí-dìn. Kí ó má ṣe sí lórí ámpù tàbí nínú àpò onígìtá.

Ẹ̀yin ará Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé ni tiwa. Mọ́tò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ti ẹ̀rọ tó ń gé bébà lè da ariwo sórí wáyà iná àdúgbò. Bí gìtá yín bá ń ṣe jìììì lọ́sàn-án, tó sì dákẹ́ nígbà tí àwọn atẹ̀wé ti ilẹ̀kùn, ẹ má dá ámpù lẹ́bi. Ẹ yí àkókò ìdánrawò padà, tàbí kí ẹ lo iná mìíràn.

Píkọ́ọ̀pù tó ní wáyà wíwé kan ṣoṣo ló máa ń gba irú ariwo yìí jù. Ní 1955, Seth Lover, òṣìṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà, ṣe píkọ́ọ̀pù tó ní wáyà wíwé méjì tí a wé lódìkejì ara wọn. Ohùn okùn ń pọ̀ sí i nínú méjèèjì, ariwo ìta sì ń pa ara rẹ̀ rẹ́. Bí àdúgbò yín bá kún fún ariwo iná, irú gìtá bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹ wá nígbà tí ẹ bá ń rà.

ÌDÁNWÒ KẸRIN: PÉDÀ

A ti yọ gbogbo pédà láti ìbẹ̀rẹ̀, gìtá sì ti wà nínú ámpù tààrà. Bí ohùn bá mọ́ báyìí, pédà ni. Ẹ wá dá wọn padà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa tẹ́tí lẹ́yìn ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ariwo bá bá wọlé ló jẹ̀bi. Ẹ wo ṣájà tó ń fún wọn ní iná. Púpọ̀ nínú pédà ń lo 9 fóólìtì, àárín ẹnu ṣájà wọn sì ni ẹ̀gbẹ́ tí à ń kọ ní àmì ìyọkúrò. Ṣájà tó bá yí èyí padà lè ba pédà jẹ́. Ṣájà olówó pọ́ọ́kú tó ń fún pédà márùn-ún ní iná lórí wáyà kan máa ń da jìììì sínú ohùn. Ẹ fi bátìrì sínú pédà náà láti fi dán an wò: bí jìììì bá lọ, ṣájà ló yẹ kí ẹ pààrọ̀.

ÌDÁNWÒ KARÙN-ÚN: IRÚ INÁ TÓ Ń WỌLÉ

Ọ̀nà kejì tún wà tí ariwo ń gbà wọ ámpù, ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Iná ilẹ̀ wa jẹ́ 230 fóólìtì, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóólìtì, ìgbà 60. Àwọn ámpù tòkunbọ̀ kan wà ní ọjà tó jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá. Kí ẹ tó kì í bọ ògiri, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 120 ni wọ́n kọ, ẹ gbọ́dọ̀ ní tíráńsífọ́mà tó ń sọ 230 di 120, kí agbára rẹ̀ sì ju èyí tí ámpù ń jẹ lọ. Bí ẹ bá kì í bọ ògiri láìsí i, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lè tó láti sun ún.

Iná tí a ṣì ń pè ní iná NEPA máa ń lọ sílẹ̀ di half current, ó sì máa ń ga lójijì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí a ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, kì í dúró sójú kan: bí fáànù bá tàn, iná á rọ̀, bí fáànù bá kú, iná á fò sókè. Ẹ fi mítà wọn iná kí ẹ tó ki ámpù bọ̀ ọ́. Bí ó bá wà láàárín 220 sí 240, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bí kò bá tó 200, tàbí tó bá ju 250 lọ, ẹ dúró. Ínífátà olówó pọ́ọ́kú, tí ìgbì iná rẹ̀ kò rí rogodo bíi ti NEPA, máa ń mú kí ámpù ṣe jìììì láìdákẹ́. Ẹ lo NEPA tàbí jẹnẹrétọ̀ tó dára fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí jìììì bá lọ, ẹ ti mọ̀ pé ínífátà ni.

Bí fíúùsì bá jó, irú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ má fi bébà inú páálí sìgá dí i, ẹ má sì fi wáyà bàbà wé e. Fíúùsì kú kí ámpù má baà kú, kí ilé má sì jó.

ÁÀTÌ, ÀTI Ẹ̀MÍ ONÍGÌTÁ

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, apá tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ọ̀rọ̀ wa nìyí.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni púlọ́ọ̀gì ámpù ní. Èyí tó gùn jù lókè ni áàtì. Wáyà rẹ̀ ní àwọ̀ ewé pẹ̀lú ìlà òféèfèé. Wáyà yìí so mọ́ ara irin ámpù. Ara irin ámpù so mọ́ ẹnu jáàkì. Ẹnu jáàkì so mọ́ wáyà híhun inú kébù, èyí so mọ́ irin tó di okùn gìtá mú, òun náà sì so mọ́ okùn. Ìdí nìyẹn tí hùùù fi máa ń dín kù nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kan okùn, ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó tún túmọ̀ sí pé nígbà tí ọwọ́ yín wà lórí okùn, ara yín àti ara irin ámpù ti di ọ̀kan.

Bí wáyà tó ní iná bá ṣèèṣì já nínú ámpù, tó kan ara irin rẹ̀, áàtì á gbé iná náà lọ sínú ilẹ̀, fíúùsì á jó, ẹ kò sì ní mọ̀ ju pé ámpù kú. Bí áàtì kò bá sí, iná náà á dúró lára okùn. Yóò dúró títí onígìtá á fi fi ètè kan máíkì láti kọrin. Máíkì ti so mọ́ áàtì ẹ̀rọ mìíràn. Iná á gba ọwọ́ wọlé, á gba àyà kọjá, á jáde ní ètè.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún 1972, ní ìlú Swansea ní ilẹ̀ Wales, Les Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, fọwọ́ kan máíkì lórí ìtàgé pẹ̀lú gìtá lọ́wọ́. Iná pa á. Ìlú tí iná kì í sábà lọ ni ó ti ṣẹlẹ̀. Kí ni ká wá sọ nípa òde àríyá ní àdúgbò wa, lábẹ́ kánópì, lórí ilẹ̀ tí òjò ti rẹ, tí ámpù gìtá ń jẹ iná láti ilé aládùúgbò, tí máíkì sì ń jẹ iná láti ara jẹnẹrétọ̀?

Àwọn kan ti rí i pé bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ áàtì tàbí tí wọ́n já wáyà rẹ̀, hùùù kan máa ń lọ. Òótọ́ ni pé ó máa ń lọ. Irú hùùù bẹ́ẹ̀ ń wá nígbà tí ámpù àti míkísà so mọ́ áàtì ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí kébù sì tún so wọ́n pọ̀. Iná díẹ̀ á máa yí po láàárín wọn. Àmọ́ ọ̀nà tó tọ́ láti fi pa á rọrùn. Ẹ mú kí gbogbo ẹ̀rọ ẹgbẹ́ jẹ iná láti orí ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n kan náà, láti orísun kan náà. Bí ó bá ṣì wà, ẹ lo àpótí kékeré tí à ń pè ní DI box láàárín ámpù àti míkísà, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ tí wọ́n kọ ground lift sí. Bọ́tìnnì yẹn ń já ọ̀nà ariwo nínú kébù ohùn, kò fọwọ́ kan áàtì iná.

Kí ẹ tó kọrin níbikíbi, ẹ fi tẹ́sítà kan okùn gìtá, kí ẹ fi kan irin máíkì. Bí tẹ́sítà bá tàn, ẹ má fẹnu kàn án. Ẹ̀yin tó ní mítà, ẹ gbé e sí ojú iná tó ń lọ tó ń bọ̀, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kìíní kan okùn, kí ẹ fi èkejì kan máíkì: ó yẹ kí ó sún mọ́ òdo. Bí ilé ìjọsìn yín kò bá ní áàtì, ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ pe oníṣẹ́ iná kó rì í mọ́lẹ̀. Owó tí ẹ máa ná sí i kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí akọrin kan.

NÍGBÀ TÓ BÁ DI TI ONÍṢẸ́

Àwọn àmì kan wà tó jẹ́ pé ámpù gan-an ló ń ké. Àmọ́ kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ dán nǹkan mẹ́rin wò láìtú u.

Bí ohùn bá ń lọ tó ń bọ̀, tó sì ń padà wá nígbà tí ẹ bá ta okùn gbàmù, ẹ wo ẹ̀yìn ámpù. Bí ihò méjì bá wà tí wọ́n kọ Send àti Return sí, ẹ fi kébù kúkúrú so wọ́n pọ̀. Bí ohùn bá dúró, irin kékeré inú ihò náà ló dọ̀tí. Bí ohùn kò bá sí rárá, ẹ ki jáàkì bọ ihò ẹ̀rọ ìgbọ́hùn tí à ń fi sétí, kí ẹ yọ ọ́, ní ìgbà mélòó kan. Ihò yẹn ló máa ń pa sípíkà, ìdọ̀tí sì lè mú kó máa pa á láìsí ohunkóhun nínú rẹ̀. Bí ámpù bá ń kú lẹ́yìn wákàtí kan, tó tún ń jí nígbà tó bá tutù, ooru ni: ẹ gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lójú fáànù rẹ̀, ẹ má sì tì í mọ́ ògiri. Bí ó bá ń ṣe gbìrìgbìrì lórí ohùn kan ṣoṣo, ẹ di gbogbo skúrù rẹ̀, kí ẹ kó ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò.

Sípíkà náà ní ìdánwò tirẹ̀. Ẹ pa ámpù, ẹ yọ wáyà sípíkà, kí ẹ fi bátìrì 1.5 fóólìtì kan ẹnu rẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ṣe pọ́, ó wà láàyè. Bí ẹ bá fi mítà wọ̀n ọ́n, sípíkà tí wọ́n kọ 8 óòmù sí á máa fi 6 tàbí 7 hàn. Ẹ̀yin tó ní ámpù onígílóòbù, èyí tí òyìnbó ń pè ní tube, ẹ má tan án láé láìsí sípíkà lára rẹ̀. Ó lè sun tíráńsífọ́mà inú rẹ̀.

Ẹ má sì ṣe tú ámpù. Àwọn kàpásítọ̀ tí mo sọ níṣàájú máa ń tọ́jú iná pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì. Nínú ámpù onígílóòbù, iná yẹn lè ju 400 fóólìtì lọ. Ó lè pani.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́, ẹ má sọ pé kò dún dáadáa, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ ṣe ariwo náà fún un: hùùù ni, jìììì ni, tàbí kàrà-kàrà? Ẹ sọ ìgbà tó ń bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń mú un dín kù, àti gbogbo ohun tí ẹ ti dán wò. Oníṣẹ́ tó bá gbọ́ báyìí kò ní máa pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́, owó yín kò sì ní ṣòfò.

(A gbọ́ gìtá, ohùn rẹ̀ mọ́.)

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún ẹ̀yin tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìkíní, ámpù nìkan. Ìkejì, kébù. Ìkẹta, gìtá: fólúùmù, jáàkì, bátìrì, àti àyíká. Ìkẹrin, pédà, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ìkarùn-ún, iná tó ń wọlé. Nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ṣẹ́ ku inú ámpù, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé kí ẹ gé ẹsẹ̀ áàtì kí ariwo lè lọ, ẹ sọ fún un pé rárá. Ẹ lè fara da ariwo títí ẹ ó fi rí ibi tó ti ń wá, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè tún onígìtá ṣe.